Ọ̀rọ̀ "Ẹ Fi Sílẹ̀ Ná" Tí Mo Gbọ́ Lẹ́nu Rẹ

Karu, Àbújá
Ọ̀sán Sátidé

Mopélọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ tuntun, mo sì kí ọ kú ilé tuntun. Mo mọ̀ pé mo ti kí ọ lójúkojú, mo ti jó, mo ti kúnlẹ̀ dúpẹ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wọn pé ọmọ mi ti di ọ̀gá níléeṣẹ́ tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà àwọn ilé ìwòsàn káàkiri Àbújá. Ayọ̀ yẹn ṣì wà. Ṣùgbọ́n láti Ọjọ́bọ̀ tó o wá kí mi, ẹ̀rù ti gba ibi tí ayọ̀ wà. Mi ò lè dá a gbé mọ́, ìdí nìyí tí mo fi jókòó sídìí tábìlì yìí.

Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò fi pè ọ́. Tí mo bá pè ọ́, wàá ní, "Mọ́mì, ẹ má wọ̀rí jàre," wàá sì fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń sáré gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Àbújá la bí ọ sí. Yorùbá tó o mọ̀ ò ju ti inú ilé lọ, ti Okun tí bàbá rẹ ń sọ gan-an, ẹ̀rín ló máa ń pa ọ́. O lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kíkà rẹ̀ ò yá ọ lẹ́nu. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ ní Yorùbá. Mo fẹ́ kó o rọra kà á, kó o máa fi ẹnu pè é lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má sáré kọjá lójú rẹ.

Lọ́jọ́ yẹn, mo wà ní kíṣìnì, mò ń fọ ẹja tí mo rà bọ̀ láti ọjà ẹja ní Kado. Ìwọ wà ní pálọ̀, ò ń bá ẹnì kan níbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mi ò dẹtí sí ọ. Ohùn rẹ ló lọ sókè. O ní:

"Ẹ fi ti àtijọ́ sílẹ̀ fún wọn ná. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lò ó, nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, a máa wò ó."

Ọwọ́ mi dúró nínú omi. Nígbà tó o sọ̀rọ̀ tán, mo bi ọ́ pé kí ni wọ́n fẹ́ fi sílẹ̀. O rẹ́rìn-ín. O ní àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké kan ni, pé ojú ewé tí wọ́n ń kọ orúkọ aláìsàn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kò ní àgádágodo tó ń dáàbò bo ohun tí wọ́n bá kọ, pé wáìfáì wọn náà ti gbó, wọn ò sì fẹ́ yí i padà torí pé àwọn ẹ̀rọ wọn kan ò ní lè bá tuntun ṣiṣẹ́. O ní, "Kai, Mọ́mì, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lásán ni." O jẹun, o sì lọ. Èmi ò lè jẹ nínú ẹja yẹn.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á fún ọ.

O wà ní yunifásítì nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi ni mátírọ́ọ̀nù ní ilé ìwòsàn aládàáni tó o mọ̀ ní Kado, níbi tí mo ti fẹ̀yìn tì. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí, mi ò sọ ọ́ fún bàbá rẹ pàápàá, torí àṣírí aláìsàn ni. Mi ò tiẹ̀ ní kọ orúkọ obìnrin náà gan-an síbí. Ṣìdí ni màá máa pè é.

Ọmọ Ìlọrin ni Ṣìdí. Aṣọ ọmọdé ló ń tà. Oyún wà nínú rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ wa, ibi tó ti lè rí ẹnu ọ̀nà ló sì máa ń jókòó sí. Apá òsì rẹ̀ kì í nà tán. Mo bi í pé kí ló ṣe é, ó ní òun ṣubú. Ọjọ́ mìíràn tó wá, tó ku èmi àti òun nìkan nínú yàrá, ó sọ òótọ́ fún mi. Ọkọ rẹ̀ ló ṣẹ́ ẹ lápá. Ó ti sá kúrò nílé ọkùnrin náà, ó sá wá sí Àbújá níbi tí kò ti ní ìbátan kankan, ó gba yàrá kan ní Dutse Alhaji. Ó ní ilé ìwòsàn wà nítòsí òun lọ́hùn-ún, òun mọ̀ọ́mọ̀ wá èyí tó jìnnà ni, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tí òun ń lọ.

Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé mò ń wá síbí. Ó ti búra pé tí òun bá rí mi, òun ò ní jẹ́ kí n bí ọmọ yìí."

Mo fọwọ́ sọ̀yà fún un. Mo pe àwọn nọ́ọ̀sì mi, mo kìlọ̀ fún wọn pé ẹnikẹ́ni tó bá wá bèèrè aláìsàn, ì báà jẹ́ ọkọ, ì báà jẹ́ ìyá, wọn ò gbọ́dọ̀ sọ fún un bóyá ẹni náà ń wá síbí tàbí kì í wá. Wọ́n sì gbọ́ràn. Mo lè búra fún wọn títí dòní. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó la ẹnu.

Kọ̀ǹpútà wa ló la ẹnu.

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn wa nígbà náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó ti sọ ọ́ nínú ìpàdé pé ọ̀nà tí à ń gbà fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti kọ̀ǹpútà kan sí ìkejì ti di ti àtijọ́. Ó ṣàlàyé rẹ̀ lọ́nà tó yé mi. Ó ní ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì bá tẹ̀ máa ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Ní ọ̀nà tuntun, wọ́n á ti dà á rú kó tó jáde, débi pé ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́nà ò ní mọ ohun tó jẹ́. Tiwa ò ní ìyẹn. Bí a ṣe tẹ orúkọ èèyàn, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ ní gbangba. Ọ̀rọ̀ kékeré kan tiẹ̀ máa ń hàn lókè ojú ewé náà lójoojúmọ́ pé kò sí ààbò níbẹ̀. Ojú wa ti mọ́ ọn débi pé a ò rí i mọ́. Wáìfáì kan náà ni àwa àti àwọn tó tẹ̀ lé aláìsàn wá jọ ń lò, páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ sì wà lára ògiri ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, kí ìjókòó má baà sú wọn.

Kò sí èèyàn burúkú nínú ìpàdé yẹn, Mopé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Dókítà àgbà, tó ni ilé ìwòsàn náà, ní ká jẹ́ kí Iléyá kọjá. Nígbà tí Iléyá kọjá, wọ́n ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán inú ikùn aláboyún ti gbó, kò ní lè bá ọ̀nà tuntun sọ̀rọ̀, ká dúró títí wọ́n á fi ra òmíràn. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ní ẹjọ́ tiwọn. Èmi ni mo gbé e lọ síwájú ìpàdé, màá sì tún gbé e lọ lónìí. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà lára obìnrin, tí kọ̀ǹpútà tó ń lo ọ̀nà tuntun wá ń sọ pé, kí òun tó ṣí, kí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ lọ wo nọ́ńbà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀, tí fóònù ọ̀hún sì wà nínú báàgì rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ta ló máa fara mọ́ ọn? Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé ní òun á lọ wá bí òun ṣe máa ṣe é. Kérésìmesì dé. Lẹ́yìn Kérésìmesì, ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà á mọ́. Nǹkan kan ò sáà tíì ṣe wá.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn aláboyún máa ń wá. Gbọ̀ngàn ti kún. Mò ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru Ṣìdí nínú yàrá mi nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Aládùúgbò rẹ̀ ní Dutse Alhaji ló pè é. Mi ò gbọ́ ohun tí ẹni yẹn sọ, ojú Ṣìdí ni mò ń wò. Mo rí i bí ètè rẹ̀ ṣe ń funfun.

"Ta lẹ ní ó wá?" ló ń bi aládùúgbò rẹ̀. "Ó dárúkọ mi? Ó mọ yàrá mi?"

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ó ti rí mi. Ó ti dé ilé mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n sọ fún un pé mo ti jáde, ó ní kò burú, òun mọ ibi tí mo lọ."

Mo ní kó fara balẹ̀, pé bóyá irọ́ ló ń pa, pé Àbújá tóbi. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́ o. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti wo gbọ̀ngàn. Ọkùnrin kan ti dúró níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì. Ó wọ jalamíà funfun, ó mọ́ tónítóní, ó gbé báàgì láptọ́ọ̀pù kọ́ èjìká. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ ń mi orí fún un pé òun ò lè sọ nǹkan kan. Ó rí aṣọ tí mo wọ̀, ó mọ̀ pé èmi ni ọ̀gá wọn. Ó wá bá mi, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mọ́mì. Ìyàwó mi ni mo wá wò. Èdè-àìyedè díẹ̀ ló wà láàárín wa, mo wá bẹ̀ ẹ́ ni."

Mo ní, "A kì í sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn fún ẹnikẹ́ni, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ bóyá ìyàwó rẹ ń wá síbí."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó ń wá síbí, mà. Agogo mẹ́wàá lẹ fún un lónìí. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kéré nígbà tó wá kẹ́yìn, ẹ fún un lóògùn. Dutse Alhaji ló ń gbé, lẹ́yìn iléèwé, yàrá tó gbẹ̀yìn, tó dojú kọ kànga."

Ohun tó sọ yẹn, bí mo ṣe kọ ọ́ gan-an ni. "Yàrá tó gbẹ̀yìn, tó dojú kọ kànga." Ọ̀rọ̀ tèmi ni. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, torí pé ilé yẹn ò ní nọ́ńbà. Mò ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ara mi lẹ́nu ẹni tí à ń sá fún.

Mi ò mọ ibi tí agbára ti wá. Mo rẹ́rìn-ín padà sí i, mo ní, "Ó dáa, jókòó, jẹ́ kí n lọ wò ó fún ọ." Mo padà wọlé. Mo mú Ṣìdí gba ẹ̀yìn, gba ibi tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ibùsùn, lọ sídìí ọkọ̀ tí a fi ń gbé aláìsàn. Kò lè rìn. Èmi àti nọ́ọ̀sì kan ló gbé e wọ ọkọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí dírẹ́bà gba géètì ẹ̀yìn, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ agbẹ̀bí, kó má sì dárúkọ ibẹ̀ lórí fóònù rárá.

Nígbà tí mo padà dé gbọ̀ngàn, ọkùnrin yẹn ti fura. Ó ti dìde, ó ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan tẹ̀ lé òmíràn. Àwọn aláboyún ń pariwo. Mẹ́gádì wa tó ń ṣọ́ géètì sáré wọlé, òun àti àwọn ọkùnrin tó sin ìyàwó wọn wá ló dì í mú. Dókítà àgbà sọ̀ kalẹ̀. Inú ń bí i gan-an. Ó bi ọkùnrin náà pé, "Ta ló sọ fún ọ nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi?"

"Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi," ọkùnrin náà ní. Kò tiẹ̀ gbé ohùn sókè. "Mo bi wọ́n, wọ́n kọ̀. Mo jókòó síbí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí láptọ́ọ̀pù mi. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ̀ ń sọ ọ́ sínú afẹ́fẹ́. Mo kàn gbọ́ ọ ni."

Ẹnì kan tó mọ̀ wọ́n nílé ló rí Ṣìdí pẹ̀lú oyún ní ọjà ẹja, tó rí i bó ṣe yà sí ilé ìwòsàn wa, tó lọ sọ fún ọkọ. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì ni ọkọ ọ̀hún ń ṣe. Ó wá jókòó láàárín àwọn èèyàn bí ẹni tó ń dúró de aláìsàn, ó ka páásíwọ̀ọ̀dù lára ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń tẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àti fáìlì tí wọ́n ń ṣí, títí kan ti Ṣìdí tí wọ́n ń múra sílẹ̀ de ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe ti Ṣìdí nìkan. Gbogbo obìnrin tó wá lọ́jọ́ yẹn ni, àti àdírẹ́sì wọn, àti àìsàn wọn. Ó ṣí i han Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé bí ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yangàn. Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó gbé orí lé eékún.

Ọlọ́pàá mú ọkùnrin náà lọ. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Wọ́n ní kò lu ẹnikẹ́ni, kò fọ́ nǹkan kan, ìyàwó rẹ̀ ló wá wò. Wọ́n ní nígbà tó ń jáde ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní kí wọ́n bá òun kí Mọ́mì.

Ṣìdí ò padà sí Dutse Alhaji mọ́. Gbogbo ọjà rẹ̀ wà nínú yàrá yẹn, kò lè padà lọ kó o. Ìlú tí mi ò mọ̀ ló bímọ sí. Ó pè mí lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà rẹ̀ ò hàn. Mò ń gbọ́ ẹkún ọmọ nítòsí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dá mi dúró.

Ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ṣé orúkọ mi ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà yín?"

Mo ní a ti yọ ọ́. A sì ti yọ ọ́ lóòótọ́.

Ó ní, "Èyí tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn ńkọ́?"

Ó ní ó dàbọ̀. Mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ó dáa, ọmọ mi. Mi ò mọ iṣẹ́ rẹ tó ọ, mi ò sì ní sọ pé mo fẹ́ kọ́ ọ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mò ń kọ ọ́.

Èkíní ni "ná" yẹn. Mo bẹ̀ ọ́, bẹ̀rù rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ nílé ìwòsàn wa pé a ò ní ṣe é. Gbogbo wa la gbà pé ó yẹ ní ṣíṣe. Ẹni tó bá kọ nǹkan, o lè bá a jà. Ẹni tó bá ní kó o dúró ná, kí lo fẹ́ bá a jà lé lórí? Tó o bá tiẹ̀ máa gbà kí wọ́n ṣì máa lo ti àtijọ́, sọ ọjọ́ tó máa dópin fún wọn nínú gbólóhùn kan náà. Tó ò bá lè sọ ọjọ́, a jẹ́ pé o ò tíì múra láti ṣe é nìyẹn, jẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ohun tó o sọ pé nǹkan kan ò ṣe wọ́n. Báwo lo ṣe mọ̀, ọkọ mi? Ọkùnrin yẹn lo odidi ọjọ́ kan láàárín wa, nọ́ọ̀sì kan tiẹ̀ bu omi fún un mu. Kò sí agogo kankan tó dún. Ilẹ̀kùn kankan ò já. Ká ní kò wá síwájú mi wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni, à bá má mọ̀ títí dòní, à bá ṣì máa sọ pé nǹkan kan ò ṣe wá. Mo máa ń rò ó pé àwọn mélòó ló ti jókòó síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n gba ohun tí wọ́n fẹ́, tí wọ́n sì bá ọ̀nà tiwọn lọ. Mi ò lè mọ̀. Ìwọ náà ò lè mọ̀.

Má fojú tín-ínrín àwọn tó bá ń ráhùn, ìyẹn ni mo tún fẹ́ sọ. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ní ọ̀nà tuntun ń fi àkókò wọn ṣòfò kì í ṣe òpè, wọn kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Lọ dúró tì wọ́n lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀. Wo bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ kan di ìgò omi tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára mú, tí wọ́n ń fi èkejì tẹ kọ̀ǹpútà. Tó o bá gbé àgádágodo tí wọn ò lè ṣí lójú iṣẹ́ fún wọn, wọ́n á fi òkúta há ilẹ̀kùn ní ṣíṣí, gbogbo làálàá rẹ á sì já sí asán. Béèrè lọ́wọ́ wọn kó o tó yan ohun tó o fẹ́ yàn.

Má sì jẹ́ kí ẹ̀rù mi yìí lé ọ sáré o. Mo rí ìyẹn náà. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ Ṣìdí ṣẹlẹ̀, Dókítà àgbà pàṣẹ pé kí wọ́n yí gbogbo rẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n yí i padà. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ikùn dákẹ́, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ò wọlé mọ́. Obìnrin kan dé lọ́jọ́ kejì, ó ní ọmọ inú òun ò mira mọ́. A ò lè wò ó. Èmi ni mo tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, mo gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀ láti Kado títí a fi débẹ̀, mò ń dúró kí nǹkan kan gbá mi lọ́wọ́. Ọmọ náà wà láàyè. Ṣùgbọ́n ká ní kò sí láàyè ńkọ́?

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé rí i pé òun lè fi wáyà so ẹ̀rọ àtijọ́ náà mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kó dá wà láyè ara rẹ̀, kó má bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ rárá, kí gbogbo ìyókù sì máa lo ọ̀nà tuntun. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ó ṣe é tán, ó wò mí. Gbogbo oṣù tí a fi ń dúró de ẹ̀rọ tuntun, iṣẹ́ ọ̀sán kan ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, ṣe é díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ̀rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí àdírẹ́sì àwọn èèyàn bá wà.

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé ti fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Adìyẹ ló ń sìn báyìí, lọ́nà Keffi. Mo bá a pàdé nígbà kan, ó ní ohun tó ń dun òun jù ni pé òun sọ ọ́ nínú ìpàdé, wọ́n ní kí òun ní sùúrù, òun sì dákẹ́ torí pé òun ò fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní oníwàhálà. Mopé, jẹ́ kí wọ́n pè ọ́ ní oníwàhálà. Sọ ọ́ títí wọ́n á fi máa yà fún ọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí wọ́n bá tìtorí ẹ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, yàrá rẹ ṣì wà níbí, mi ò tíì yí ibùsùn rẹ padà. Mo mọ̀ pé ó rọrùn fún mi láti kọ ọ́. Mo mọ bí o ṣe wá iṣẹ́ yìí tó kó o tó rí i.

Nǹkan kan tún wà. Páásíwọ̀ọ̀dù tó o fi sórí fóònù mi lọ́jọ́sí, tó o ní òun náà lo ń lò níbi gbogbo kó o má baà gbàgbé, jọ̀ọ́, yí tìẹ padà. Orúkọ àbísọ mi ni. Gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ̀ ọ́n. Ò ń ṣọ́ ilé àwọn ẹlòmíràn, ilẹ̀kùn tìrẹ wà ní ṣíṣí sílẹ̀. Kó o sì máa jẹun lọ́sàn-án. Ọrùn rẹ ti gbẹ.

Mo máa ń gbàdúrà fún ọ láàárọ̀ pé kí Ọlọ́run má fi ọ́ sípò tí wàá ti ṣe èèyàn ní jàǹbá láìmọ̀. Tẹ́lẹ̀, ewu ojú ọ̀nà ni mo máa ń gbàdúrà lé lórí. Má fi fóònù dá mi lóhùn. Wá, ká jókòó, kó o sọ ohun tó o máa ṣe fún mi lójúkojú.

Màá sọ ohun tó mú mi kọ ọ́ lónìí gan-an, kí n tó dúró. Lánàá, mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa níbí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Ọmọbìnrin tó ń gba orúkọ kí mi pé, "Sànnu, Mama," ó yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ síbi tó ti lè rí i dáadáa. Mo rí àmì ilé iṣẹ́ yín lójú kọ̀ǹpútà náà. Mo bi í pé ṣé àwọn náà ti yí sí ọ̀nà tuntun. Ọ̀rọ̀ mi ò yé e. Ó bèèrè orúkọ mi, mo sọ ọ́. Ó bèèrè nọ́ńbà fóònù mi, mo sọ ọ́. Ó bèèrè ibi tí mò ń gbé, ẹnu mi ò ṣí. Ó ní, "Mama, ẹ jọ̀ọ́, àwọn èèyàn wà lẹ́yìn yín."

Mo wẹ̀yìn. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n tò lọ títí dé ẹnu ọ̀nà.

Mo sọ àdírẹ́sì mi fún un. Ó tẹ̀ ẹ́. Mo dúró, mò ń wo ọwọ́ rẹ̀ títí ó fi tẹ̀ ẹ́ tán. Lẹ́yìn náà mo yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, obìnrin tó wà lẹ́yìn mi sì bọ́ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tirẹ̀.

Èmi ni,
Màmá rẹ.